Bí mo ṣe fi awọ ehoro so ìjẹ ìwọ̀, àti bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá ra ehoro l'Adó-Èkìtì, iná ni wọ́n máa fi jó irun rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Torí náà, mo tètè bẹ ẹni tó ń sin ehoro ládùúgbò wa pé kó bó tèmi, kó má jó o. Ó wò mí títí. “Ṣé ẹ fẹ́ fi se oògùn ni?” Mo ní rárá o, ẹja ni mo fẹ́ fi pa. Ó rẹ́rìn-ín, ó bó o, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí awọ.

Ìjẹ tí mo fẹ́ so ni èyí tí wọ́n ń pè ní Zonker. Ará Amẹ́ríkà kan, Dan Byford, ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1970. Kò sí ekòló lẹ́nu rẹ̀, kò sí ẹ̀bà. Ìwọ̀ lásán ni, tí wọ́n de ọ̀já awọ ehoro tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ lẹ́yìn tirun-tirun, kó lè dà bí ẹja wẹ́wẹ́ lójú ẹja tó ń wá oúnjẹ.

Mo fi ọ̀bẹ tí kò mú há gbogbo ọ̀rá àti ẹran tó kù lára awọ náà, mo fi iyọ̀ pa á, mo sì rì í sínú omi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà mo kàn án mọ́ pákó lábẹ́ òjìji. Ẹ má sá a sóòrùn, á gan, á sì máa ṣẹ́. Bó ti ń gbẹ ni mo ń fi ọwọ́ ra á kó lè rọ̀.

Gígé rẹ̀ ni kò gba ìkánjú. Ẹ dojú irun délẹ̀, kí ẹ̀yìn awọ wà lókè, kí ẹ wá fi abẹ fẹ́lẹ́ fa ìlà lórí awọ nìkan. Bí abẹ bá wọnú irun, gbogbo irun etí ọ̀já náà á gé sí kúkúrú, kò sì ní wúlò mọ́. Mo ń gbé awọ náà sókè díẹ̀ bí mo ti ń gé e, kí irun lè ní àyè. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 3. Ibi tí irun dorí kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, láti ọrùn ehoro lọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá gé e ní ìbú, irun á dorí kọ ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó dára fún ẹni tó fẹ́ lọ́ ọ yí ìwọ̀ ká, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń wá níbí.

Fáìsìgíríìpù àwọn mẹkáníìkì ni mo fi di ìwọ̀ nọ́ńbà 4 mú. Mo de òjé tín-ín-rín mọ́ abẹ́ ọ̀pá ìwọ̀, ìyẹn apá gbọọrọ tó wà láàárín orí ìwọ̀ àti ìtẹ̀ rẹ̀, lápá ikùn, kí ìjẹ náà má baà yí dà nínú omi. Ọ̀rá bísikíìtì tó ń dán ni mo lọ́ mọ́ ọn fún ara. Wáyà kọ́pà wẹ́wẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún mọ́tò fáànù wé, òwú nílọ́nù sì wá láti ọ̀dọ̀ aránṣọ. Mo so ọ̀já náà mọ́ orí ìwọ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀yìn rẹ̀, kí irun kọjú sí ìrù. Mo wá fi omi pa irun náà, mo ń fi abẹ́rẹ́ là á sọ́tùn-ún sósì kí wáyà tí mo ń lọ́ yí i ká lè jókòó sórí awọ láìtẹ irun mọ́lẹ̀. Mo fi òwú kádìí rẹ̀ níwájú, mo sì kán súpágúlù sí i.

Ìrù tó kọjá ìtẹ̀ ìwọ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju ọ̀pá ìwọ̀ lọ. Èyí tó bá gùn jù á máa lọ́ mọ́ ìtẹ̀ náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jù ú, ẹja ò sì ní fojú kan án. Ẹni tó bá fẹ́ ìrù gígùn dandan lè fi okùn ìwọ̀ tó nípọn ṣe òrùka kékeré sábẹ́ ìrù náà kó máa gbé e sókè.

Inú ràbà omi ni mo ti kọ́kọ́ wò ó. Ó léfòó! Afẹ́fẹ́ ló há sínú irun. Mo fún un lábẹ́ omi títí tó fi ṣíwọ́ híhó, ó sì rọra rì. Nígbà tí mo fà á, irun náà pa mọ́ra, ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dúró, ó là. Ọwọ́ mi kò mì, síbẹ̀ ó ń mí. Irun wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ irun ehoro rọ̀ débi pé omi tó rọra yí ti tó láti tẹ̀ ẹ́, awọ tó ti rin sì ń jẹ́ kí ìrù máa jù. Mo fi irun ewúrẹ́ wé e nínú ràbà kan náà: gbọnrangandan ló dúró. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi irun ewúrẹ́ ṣe mọ́. Irun ọ̀kẹ́rẹ́ dáa ju ìyẹn lọ, ó kúrú, ó sì bá ìwọ̀ kéékèèké mu.

Ibi tí òjé wà náà ṣe pàtàkì. Bó bá pọ̀ sí iwájú, ìjẹ á dorí kodò nígbà tí ẹ bá dúró, á sì gbérí nígbà tí ẹ bá fà á. Bó bá wà láàárín, á rì láìdorí kodò. Ti iwájú ni mo yàn.

Adágún dáàmù Èrò, ní apá Ìkun-Èkìtì, ni mo gbé e lọ, pẹ̀lú ọ̀pá ọparun. Irun tó ti mu omi wúwo, ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í fẹ́ jù ú. Ọparun kàn ń fì í sọ́ọ̀ọ́kán ni. Bàbá apẹja kan wò mí.

“Ọmọ mi, irun lo so mọ́ ìwọ̀ yẹn?”

“Irun ehoro ni, bàbá.”

“Ehoro kì í gbé inú omi. Ta ló máa jẹ ẹ́?”

Epìyà ló kọ́kọ́ dáhùn, àmọ́ ìrù ni wọ́n ń já, wọn ò dé ìdí ìwọ̀. Ẹnu wọn kéré, èyí tó bá sì ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ fẹ́ lé ohun tó wọlé lọ ni, kò fẹ́ jẹun. Mo gé ìrù náà kúrú, wọ́n sì ń kọ́ ìwọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo jẹ́ kó rì débi ẹrẹ̀, mo ń fà á díẹ̀, mo ń dúró. Bí mo bá dúró ni àrọ̀ ń gbé e, mi ò rí i kó gbé e nígbà tí mo ń fà á. Àrọ̀ ní irùngbọ̀n 8 tó fi ń tọ́ nǹkan wò nínú òkùnkùn, ohun tó ń rọra mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrẹ̀ sì jọ eṣúṣú tàbí ẹja wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Bàbá sún àpótí ìjókòó wọn mọ́ tèmi, wọn ò sì béèrè nípa ehoro mọ́.

Nígbà tí mo délé, mo fi omi mímọ́ ṣan àwọn ìjẹ náà, mo sì fi wọ́n kọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má kó wọn tutù sínú agolo, ìwọ̀ á dípata, awọ á sì jẹrà. Èyí tí irun rẹ̀ bá ti re, mo máa ń já ọ̀já rẹ̀ kúrò, màá sì de òmíràn mọ́ ìwọ̀ kan náà.