Abẹ́ ń yún mi, nǹkan sì ń sú síbẹ̀: kí ló lè fà á, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ojú ń tì mí láti béèrè o. Nǹkan kéékèèké kan ló yọ sí mi lórí okó àti lára ẹpọ̀n, ó pupa díẹ̀, tí mo bá fọwọ́ kàn án ó le, tílẹ̀ bá sì ti ṣú báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, mi ò rí oorun sùn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àtọ̀sí ni, èkejì ní kí n lọ wò ó bóyá wọn ò ti fi màgùn sára obìnrin kan.

Ìdáhùn: Má jẹ́ kójú tì ẹ́ jàre, ara náà ni. Àtọ̀sí kì í sú báyìí, ọyún ló máa ń dà lójú okó, tí ìtọ̀ á sì máa ta èèyàn. Ti màgùn, fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn tó ń ṣe fíìmù. Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ ni pé, ta ló tún ń họra nínú ilé yín? Wo àárín ìka ọwọ́ ẹ, wo ọrùn ọwọ́, ìdodo, ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, àti ìdí. Tó bá wà níbẹ̀ náà, tó sì jẹ́ pé òru ló ń yún jù, kúrúnà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, òun làwọn dókítà ń pè ní scabies. Kòkòrò tín-ń-tín kan tójú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ rí ló ń gbẹ́ ihò sínú awọ tó ń yé ẹyin síbẹ̀, ó sì fẹ́ràn okó àti ẹpọ̀n gan-an. Ara tó kọ kòkòrò yẹn àti ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń fa yíyún, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó kó o fún ìgbà àkọ́kọ́ fi lè lo ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó mọ nǹkan kan, á sì ti máa kó o ran ẹlòmíì. Ẹni tó ti ní i rí, láàárín ọjọ́ 1 sí 4 ló máa ti mọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀dọ̀ obìnrin ni mo ti kó o nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ara kan ara fún ìgbà pípẹ́ ló ń fẹ́, ìbálòpọ̀ wà nínú ẹ̀, àmọ́ ọmọ tó sùn tì ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lè kó o bọ̀ láti bọ́dìn, àwọn tó há mọ́ra nínú yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́. Torí náà má tíì lọ bá ìyàwó ẹ jà.

Ìbéèrè: Oògùn wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wò ó ná. Tó bá jẹ́ kúrúnà lóòótọ́, ìpara permethrin 5% ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, ibi tó ń yún wọn nìkan ni wọ́n ń pa á sí. Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni o, abẹ́ èékánná, àárín ìdí, okó, ẹpọ̀n, gbogbo ẹ̀, wàá fi sùn, á wà lára fún wákàtí 8 sí 14 kó o tó wẹ̀ ẹ́ kúrò, tó o bá fọwọ́ nígbà yẹn kó o tún pa á padà sọ́wọ́. Tó bá di ọjọ́ keje wàá tún un ṣe. Gbogbo ará ilé àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn pọ̀ ló máa lò ó lọ́jọ́ kan náà, kódà ẹni tí ò yún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ kàn máa kó o ran ara yín kiri ni. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, táwẹ́ẹ̀lì àti bẹ́ẹ̀dṣíìtì, èyí tí ò ṣeé fọ̀ ẹ dì í sínú ọ̀rá, ó kéré tán fún ọjọ́ 3. Benzyl benzoate náà wà, àmọ́ ó máa ń ta lábẹ́, wàá pariwo. Oníhóró tó ń jẹ́ ivermectin, ìyẹn tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láwọn abúlé torí àrùn ojú etí odò, ń ṣiṣẹ́ fún un, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ka iye hóró, kò sì sí fún aláboyún tàbí ọmọ tí ò tó kílò 15.

Ó lè ṣì máa yún fún bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú o, má torí ẹ̀ máa pa á lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Kẹ́míìsì fún mi ní kíríìmù kan, ó kọ́kọ́ lọ, ó tún padà wá, ó tún wá ń fẹ̀ sí i.

Ìdáhùn: Inú máa ń bí mi sí kíríìmù yẹn. Wọ́n po oògùn làpálàpá, oògùn bakitéríà àti steroid tó lágbára pọ̀ sínú táàbù kan. Steroid ló ń pa yíyún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó o fi rò pé ó ti san, àmọ́ á jẹ́ kí làpálàpá máa tàn lábẹ́lẹ̀, á tún sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, awọ abẹ́ tí ò nípọn tẹ́lẹ̀. Dá a dúró. Làpálàpá sábà máa ń wà láàárín itan, etí ẹ̀ á ga díẹ̀, á máa ṣí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ẹpọ̀n. Clotrimazole lásán, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, má sì dá a dúró lọ́jọ́ tó bá ti ń san, tún lò ó fún ọ̀sẹ̀ 2 sí i. Nu ibẹ̀ gbẹ dáadáa, pátá tó fún ẹ mọ́ra yẹn náà, bọ́ ọ.

Ìbéèrè: Tèmi, ìgbà tí mo bá fá irun abẹ́ ló ń sú.

Ìdáhùn: Irun tó ká ni, ó ń hù padà sínú awọ. Fi sílẹ̀ kó hù, lẹ́yìn náà kó o máa fi klípà gé e mọ níwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi Izal tàbí sípíríìtì pa á, ara á bó.

Ìbéèrè: Kékeré funfun funfun ló tò yí ọrùn okó mi ká, kì í yún, kì í dun mí.

Ìdáhùn: Ó jọ èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹ, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ní i. Má tẹ̀ ẹ́, má fi nǹkan kan pa á.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sí ọsibítù?

Ìdáhùn: Tó bá lé ròrò, tó bẹ́, tó ń ta ẹ́, ó lè jẹ́ herpes, àrùn kan tí wọ́n máa ń kó nídìí ìbálòpọ̀. Ojú egbò tí kò dùn ẹ́ rárá ló yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù jù, torí sífílíìsì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, egbò á jinná fúnra ẹ̀, àrùn á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ penicillin ló ń wò ó. Tí ibà bá bá a rìn, tí nǹkan náà sì tún ń sú lójú tàbí lọ́wọ́, sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ mpox wò, ìyẹn àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀. Ẹni tí orí okó ẹ̀ ń pupa tó ń yún ní gbogbo ìgbà, kó lọ ṣàyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bóyá àtọ̀gbẹ ló ń fà á. Kó o sì ní kí wọ́n bá ẹ ṣe ti HIV pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, kó o yé sùn ti ẹnikẹ́ni títí èsì á fi jáde.