Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìbéèrè Pàjáwìrì Nínú Ìdánwò Ìwé Àṣẹ Dókítà

Àwọn tí mo kọ èyí fún mọ̀wé. Àwọn kan ń múra àṣekágbá ní UNIOSUN níbí ní Òṣogbo. Àwọn kan kàwé ní Ukraine, Sudan tàbí China, wọ́n ti padà wálé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yege ìdánwò MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ń wo PLAB, ìdánwò ìlú Ọba fún dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń já wọn kulẹ̀ nídìí ìbéèrè pàjáwìrì. Orúkọ àìsàn ni wọ́n ń wá kiri kí ọwọ́ wọn tó gbé nǹkan, bẹ́ẹ̀ aláìsàn ò ní dúró de orúkọ.

Ẹ kọ́kọ́ kó ohun èlò jọ. Ìwé ògójì ewé kan, báírò dúdú àti pupa, sírínjì 1 mL mélòó kan láti ilé oògùn. Ẹ má fowó ra káàdì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Páálí Indomie tí ẹ bá gé sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ sàn jù ú lọ, kì í tètè ya. Ère tí wọ́n fi ń kọ́ títẹ àyà wọ́n gógó. Ẹ lọ bẹ àwọn tó ń ṣe àga fún fóòmù líle tí wọ́n gé kù, ẹ fi aṣọ dì í, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tí yóò máa rì mọ́ yín lọ́wọ́. Fóòmù ò lè kọ́ yín ní jíjìn 5 sí 6 sẹ̀ǹtímítà tí àyà àgbàlagbà gbọ́dọ̀ rì, ṣùgbọ́n yóò kọ́ yín ní ìyára 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní láǹpù tó ń gba iná pamọ́, torí alẹ́ lọ̀pọ̀ nínú yín máa ń ráyè.

Pàjáwìrì kan, páálí kan, ìlà mẹ́rin péré: àmì tó gbé e wá, ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ ṣe, oògùn pẹ̀lú ìwọ̀n àti ojú ọ̀nà tó ń gbà wọ ara, ohun tí a ó padà wò. Báírò pupa wà fún ìwọ̀n oògùn nìkan. Tó bá ti ju ìlà mẹ́rin lọ, ìwé gbàgùdù lẹ ń dà kọ yẹn, ẹ fà á ya.

Ètò ABCDE, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: ọ̀nà ọ̀fun (A), mímí (B), ìṣàn ẹ̀jẹ̀ (C), ọpọlọ (D), ká tó wá ṣí aṣọ wo gbogbo ara (E). Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà rántí pé ẹni tí kò dáhùn, tí kò sì mí bí èèyàn ṣe ń mí, ti kúrò nínú ètò yẹn. Ẹ ké gbàjarè, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà, 30 fún èémí 2.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ gan-an nìyí. Wọ́n á ka A dé E bí ẹni ń ka tábìlì ìṣirò, wọ́n á rí ìṣòro ní B, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sì kọjá sí C. Ìṣòro ṣì wà níbi tí wọ́n ti bá a. Òfin tèmi ni: rí i, tún un ṣe, padà wò ó. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì pé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bí mo ṣe máa ń rí i. Èmi ni olùdánwò. Ọmọkùnrin ọdún 19 ni aláìsàn, ikọ́ fée ló ń bá a jà, kò lè sọ gbólóhùn kan parí, ó ń mí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń dáhùn á ní, “Màá fún un ní ọ́síjìn,” lẹ́yìn náà ló kàn, “Màá yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.” Màá bi í pé, “Níbo ni ọ́síjìn náà wà?” Ẹnu ẹni tó ń dáhùn ló wà, kò dé imú ọmọ náà. Ẹ nawọ́ gbé ìbòmú tó ní àpò, ẹ fi bò ó, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde pé 15 lítà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fi ọ́síjìn sọ oògùn di ìkùukùu fún un ní salbutamol 5 mg pẹ̀lú ipratropium 0.5 mg, àwọn oògùn tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ fún un ní prednisolone 40 sí 50 mg tó bá lè gbé e mì, tàbí hydrocortisone 100 mg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá padà gbọ́ àyà rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo máa ń dẹ pàkúté sí. Màá ní, “Ẹ gbọ́ àyà rẹ̀, kò sí ìró súfèé mọ́.” Ọ̀pọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àyà ikọ́ fée tó dákẹ́ lójijì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́ rárá. Ojú ọmọ náà ni kí ẹ wò. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè, ara rẹ̀ ń yá lóòótọ́. Tó bá ń tòògbé, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 92%, ó ti ń kú lọ, ẹ pe àwọn tó lè fi ẹ̀rọ gba mímí rẹ̀ ṣe. Bákan náà ni èsì carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń mí lámìílé, ó yẹ kí tirẹ̀ lọ sílẹ̀. Tí ìwé àyẹ̀wò bá ní ó wà bó ṣe yẹ kó wà, agbára ọmọ náà ti ń tán nìyẹn. Àwọn olùdánwò fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an.

Ní D, ṣúgà ni àkọ́kọ́. Màá ní ìyá kan ń tajà ní ọjà Ìgbọ̀nà, ó ń gbààwẹ̀, ó sì lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀, ní sààrì. Ó ń làágùn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti dàrú, apá ọ̀tún rẹ̀ ò lágbára mọ́. Kíá ni wọ́n á ti pariwo rọpárọsẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ ya àwòrán orí. Ta ló yẹ ṣúgà ìyá yẹn wò? Tó bá wà nísàlẹ̀ 4 mmol/L, ìyẹn 72 mg/dL, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ mọ ìwọ̀n méjèèjì o, torí mg/dL ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa níbí ń kà. Ẹ pín in sí 18, yóò di mmol. Tó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ohun dídùn. Tí kò bá lè gbé e mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Dextrose 10% ni, 150 sí 200 mL, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún yẹ ṣúgà náà wò. Ẹ má sì jẹ́ kó relé lọ́jọ́ náà. Glibenclamide máa ń pẹ́ lára, ṣúgà náà lè tún já lálẹ́.

Gìrì aboyún náà ń kó wọn síta. Wọ́n rí gìrì, ọwọ́ ti lọ sí diazepam. Magnesium sulphate ni: 4 g sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó gba ìṣẹ́jú 5 sí 20, àti 5 g sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, 5 g sí ìdí kan. Kí ẹ tó fún un ní òmíràn, ẹ lu orúnkún rẹ̀ kí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ ṣì ń ta, ẹ kà á bóyá ó ń mí tó ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ wò ó bóyá ìtọ̀ rẹ̀ tó 30 mL ní wákàtí kan. Tí mímí bá ń lọ sílẹ̀, ẹ dá magnesium dúró, ẹ fún un ní calcium gluconate 1 g.

Adrenaline ló kàn, òun ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Oògùn kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ méjì, ìwọ̀n méjì, ojú ọ̀nà méjì. Ká ní oyin ta àlejò kan nínú èrò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ. Ètè rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ há, ara ń yún un, ìfúnpá rẹ̀ já sí 80/40. Anaphylaxis nìyẹn, ìgbà tí ara kọ nǹkan lọ́nà tó lè pani. Ìwọ̀n àgbàlagbà ni 0.5 mg, sínú ẹran itan, ní apá ìta, láàárín itan. Ìgò kékeré 1 mL tí wọ́n kọ 1:1000 sí lára ní 1 mg nínú, ìdajì rẹ̀ lẹ ó fà. Ọmọ ọdún 6 sí 12, 0.3 mg, ọmọ oṣù 6 títí dé ọdún 6, 0.15 mg. Tí kò bá tíì yá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún fún un. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Hydrocortisone àti oògùn ara yíyún kì í ṣe àkọ́kọ́, bí ọwọ́ yín tilẹ̀ kọ́kọ́ bà á nínú àpótí.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ló ń gba 1 mg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 síra. Ẹni tó bá fún àlejò tí oyin ta, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, ní 1 mg yìí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè da ìlù ọkàn náà rú títí tí yóò fi pa á. Mo ti gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, torí “adrenaline 1 mg” ló ti mọ́ wọn lẹ́nu. Nítorí náà, páálí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí adrenaline ní, ẹ má kọ wọ́n sí ojú kan. Ẹ bu omi sínú ìgò òfo, kí ẹ máa fa 0.5 mL sínú sírínjì lójoojúmọ́, kí ẹ máa pe ìwọ̀n àti ojú ọ̀nà rẹ̀ sókè bí ẹ ṣe ń fà á. Orí lè gbàgbé lọ́jọ́ ìdánwò, ọwọ́ kì í tètè gbàgbé.

Ìdánwò orí ìwé rọrùn ju èyí lọ. PLAB 1 jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ka ìlà tó gbẹ̀yìn, kí ẹ mọ̀ bóyá àyẹ̀wò ni wọ́n ń béèrè tàbí ìtọ́jú. Tí ìfúnpá bá ti ń já, ìdáhùn tó ní kí aláìsàn lọ ya àwòrán kì í sábà jẹ́ òun. Ọlọ́kadà tó ṣubú ní Ọláìyá, tí àyà rẹ̀ lápá kan ò dún mọ́, tí iṣan ọrùn rẹ̀ wú, tí ìfúnpá rẹ̀ ń já, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi tú afẹ́fẹ́ tó há sínú àyà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ X-ray. Ojú ibi tí wọ́n ń gún un ti yí padà fún àgbàlagbà nínú àwọn ìlànà tuntun kan, láti àlàfo kejì láàárín àwọn egungun ìhà wá sí àlàfo ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ mọ ìlànà tí ìdánwò tiyín ń tẹ̀ lé. Tí potassium inú ẹ̀jẹ̀ bá ga tí ó ti ń da ọkàn rú, calcium gluconate ni àkọ́kọ́. Ó ń dáàbò bo ọkàn ni, kì í mú potassium wálẹ̀, ẹ ṣì nílò insulin pẹ̀lú glucose.

Fún ti ọlọ́wọ́ọ́ṣe, ẹ jẹ́ mẹ́ta: aláìsàn, dókítà, olùdánwò. Ìṣẹ́jú 8 ni PLAB 2 fi sí ìbùdó kọ̀ọ̀kan, òun náà ni kí ẹ máa lò, ìdánwò yòówù kí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ dìde dúró, ẹ má jókòó ṣe é. Èmi máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe é, kí ìrònú wọn lè tò, ká tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò ń béèrè tún un ṣe.

Ìpè sí ọ̀gá ló kù. Ẹ pè é ní kété tí ẹ bá ti rí ewu, ẹ má dúró dé E. Àwọn ọmọ wa níbí máa ń kí ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé àwọn jí i. Ẹ kí i lẹ́ẹ̀kan, ó tó: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Dókítà tó wà ní pàjáwìrì ni. Ọmọkùnrin ọdún 19, ikọ́ fée, àyà rẹ̀ ti dákẹ́, ọ́síjìn rẹ̀ 88%. Mo ti fún un ní ọ́síjìn, salbutamol, ipratropium àti hydrocortisone. Mo fẹ́ kí ẹ wá báyìí, sà.” Tó bá ti di ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹni tó ń ṣe ọ̀gá pa fóònù, kí ẹ sì tún un pè látìbẹ̀rẹ̀.