Bí a ṣe ń bá ẹni tí kò nílé rí iṣẹ́, tí iṣẹ́ náà kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù tó parí

Ẹgbẹ́ àánú inú ìjọ tó bá fẹ́ bá àwọn tó ń sùn lábẹ́ bíríìjì l'Ékòó wá iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: iṣẹ́ rírí kọ́ ni wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú. Mo ti rí ìjọ tó fi orin àti àdúrà sin arákùnrin kan lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, tí onítọ̀hún ti padà sábẹ́ bíríìjì kí oṣù tó parí. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Owó ọkọ̀ ló tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má lọ bá wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti kámẹ́rà. Ẹ lọ ní ìdájí ọjọ́ iṣẹ́, bí aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ̀yin méjì péré. Ìgbà yẹn lẹ máa rí ẹni tó ń dìde lọ ṣe alábàárù ní Mile 12, ẹni tó ń ṣa ike, ẹni tó ń bá àwọn onídánfó pe èrò. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Owó tó dúró lójú kan ni wọn kò ní. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó ti ṣe rí kí ẹ tó béèrè bóyá ó ti gba Jésù. Ẹni tí ọtí tàbí igbó kò bá tíì jẹ́ kí ojú rẹ̀ dá láàárọ̀, ibi ìtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ. Ẹ má tíì fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ han ọ̀gá kankan. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan ti tó fún àkọsílẹ̀, ojú ìwé kan fún ẹnì kan. Kọ̀ǹpútà kò wúlò níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìwé ìdánimọ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN, torí náà ẹ má san kọ́bọ̀ fún àwọn tó ń fà yín láṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ á sọ èyí tó bá wá sí i lẹ́nu, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ó di tirẹ̀ nìyẹn: láti 2025, owó tí wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí nìkan ṣe ti lé ní 28,000 náírà. Ẹ jókòó tì í kí ẹ tó lọ. Ẹ béèrè ọdún tó wọ iléèwé àti ẹni tó ń ṣe ìjọba nígbà náà. Bí nọ́ńbà ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wà, ẹ pè wọ́n. Ẹ wá kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà bí yóò ṣe máa wà níbi gbogbo, kí Rasheed inú NIN má di Rashidi ní báńkì.

NIN yẹn ni yóò fi ra síìmù, òun náà ni yóò fi ṣí àkáǹtì kékeré. Fóònù kékeré olójú tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ rà fún un, kì í ṣe Android: bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, olè kì í sì í wo ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn ènìyàn kúrò nínú yàrá 86 tí wọ́n pín sábẹ́ bíríìjì Dolphin Estate n'Ìkòyí, yàrá tí wọ́n ń sanwó ilé lé lórí. Ẹni tí wọ́n bá lé lójijì bẹ́ẹ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀ ló máa ń gbé jáde.

Iṣẹ́ gan-an ńkọ́? Ẹ dìde nígbà ìfilọ̀, kí ẹ béèrè ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Nínú ìjọ tó bá tóbi díẹ̀, ẹ ò ní ṣàìrí oníbúrẹ́dì, oníbúlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà tàbí tó ní ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti lè sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èyí tó bá gba ju ọkọ̀ kan lọ, èmi kì í gbà á. Iṣẹ́ ọdẹ òru náà, mi ò fẹ́ ẹ fún ẹni tí kò nílé, àfi tí yàrá bá wà níbẹ̀: ta ni yóò jẹ́ kó sùn lábẹ́ bíríìjì l'Óṣòdì lọ́sàn-án gangan?

Onídùúró méjì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń béèrè, wọ́n sì lè wá wo ilé wọn. Ẹ má sọ pásítọ̀ di onídùúró gbogbo ayé, torí bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé nǹkan sá lọ, kò sí ọ̀gá tó máa gba ìwé pásítọ̀ mọ́, àwọn tí kò jí nǹkan kan ló sì máa jìyà rẹ̀. Kí onídùúró kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan ṣoṣo. Kó jẹ́ ẹni tó ti bá onítọ̀hún jẹun, tó lè pè é lórí fóònù tí yóò sì gbé e.

Ní báyìí, oṣù àkọ́kọ́. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ 1,000 náírà, ọjọ́ iṣẹ́ 26 á gba 26,000. Bí oúnjẹ òòjọ́ bá jẹ́ 1,500, ọgbọ̀n ọjọ́ á gba 45,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 71,000, bẹ́ẹ̀ 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ láti 2024, òfin náà kò sì de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ìparí oṣù ni wọ́n tún máa san án. Nígbà tó ń ṣe alábàárù, ó kéré tán, ó ń rówó ní alaalẹ́. Ẹ wá mú un lọ síbi tí kò ti ní rí kọ́bọ̀ fún oṣù kan gbáko, ẹ ní kó máa fi ìgbàgbọ́ rìn. Tó bá fi máa di bí ọjọ́ kẹwàá, á pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan kó lè lọ gbé ẹrù jẹun. Ọ̀gá á bínú. Tó bá tún pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á ní kó máa lọ ilé, ilé tí kò ní. Irú ìrànlọ́wọ́ báyìí gan-an ni Jákọ́bù ń bá wí ní orí kejì ìwé rẹ̀ nínú Bíbélì: ká ní kí ẹni tí ebi ń pa máa lọ ní àlàáfíà, ká má sì fún un ní nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú ẹnikẹ́ni lọ síbi iṣẹ́, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ oṣù kan fún un gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ má tíì wá iṣẹ́. Mo mọ̀ pé èyí kò dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ ka iye ènìyàn lórí pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, ṣùgbọ́n ẹni méjì tó dúró lẹ́nu iṣẹ́ sàn ju ogún tó padà lọ. Ó rọrùn díẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí, torí òtòṣì ló ṣáájú nínú àwọn tí sàká tọ́ sí. Àwa onísọ́ọ̀ṣì, ẹ bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n ya owó ọrẹ Sọ́ńdè kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù.

Ẹ má kó owó náà fún un lẹ́ẹ̀kan. Owó gọbọi kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn níta: bí olè ò gbé e, àwọn tí wọ́n jọ ń sùn á yá a, tàbí kí ẹni tó jẹ ní gbèsè dé. Alẹ́ Sọ́ńdè àti alẹ́ Wẹ́sìdeè ni kí ẹ máa fi í ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀bùn. Ti méjì tó kẹ́yìn jẹ́ gbèsè tí yóò fi oṣù mẹ́ta san. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ méjì-méjì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dín ìnáwó yìí kù gan-an: ẹ bẹ ọ̀gá náà kó máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ẹ ṣí Diutarónómì 24:15 fún un, níbi tí a ti ní kí oòrùn má wọ̀ kí a tó san owó alágbàṣe. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì máa ń gbà. Ọ̀gá yìí nìkan ni kí ẹ sọ fún pé ẹni náà kò nílé. Ẹ má jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá sọnù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Lẹ́yìn owó, omi ìwẹ̀. Ẹni tó ń rùn kò ní pẹ́ níbi iṣẹ́, kò sí bó ṣe lè mọṣẹ́ tó. Kí ẹnì kan máa ṣí balùwẹ̀ ìjọ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi owó balùwẹ̀ tí wọ́n ń sanwó lò nígboro kún ìṣirò yín. Fún aṣọ, ẹ lọ sí ọjà Aswani ní Túsìdeè, kí ẹ ra òkìríkà: ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí àwọ̀ wọn ṣú, ṣòkòtò méjì. Ẹ má ṣahun sí bàtà. Yunifọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ sun abẹ́ bíríìjì rárá. Ibi iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ni kó máa wà.

Láti oṣù kejì, ẹ fi í sínú àjọ kan kó lè máa kó owó yàrá jọ. Òfin ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àmọ́ owó ajẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ bá a dúnàádúrà, torí wọ́n á bù ú lé e bí ó bá dá lọ.

Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó fà á gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ tàbí àìsàn, ẹ wá òmíràn fún un lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, onídùúró kan náà kó dúró. Bó bá jẹ́ olè tàbí ìjà, ẹ dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró, kí ẹ má sì lo onídùúró yẹn mọ́ fún un.