Bí ẹ ṣe máa tan acceleration lórí SAN, àti bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ

SAN ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so àwọn sáfà mọ́ sítóréèjì. Tí sítóréèjì yín bá wà nílùú kan, tí èyí tó ń gba ẹ̀dà dátà wà nílùú mìíràn, bó ti wù kí ẹ fẹ ìlà tó, kíkọ dátà ṣì lè máa falẹ̀. Kì í ṣe pé ìlà yẹn kéré o, ọ̀nà ló jìn. Ìmọ́lẹ̀ inú káábù fáíbà ò lè rìn ju bíi 200 kìlómítà lọ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 1, kò sí iye téèyàn lè san tó máa yí ìyẹn padà.

Ẹ wò ó báyìí. Sáfà fẹ́ kọ nǹkan sórí dísìkì tó wà ní 150 kìlómítà, á kọ́kọ́ fi àṣẹ ránṣẹ́, dísìkì á ní "mo ti ṣe tán, máa kó o bọ̀", ìgbà yẹn ni sáfà á ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dátà gan-an, á tún wá dúró kí wọ́n sọ fún un pé ó ti wọlé. Àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn, mílísẹ́kọ́ǹdì 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti di 3 kí dísìkì tó ṣe iṣẹ́ kankan. Write acceleration máa ń jẹ́ kí suwíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà dáhùn "máa kó o bọ̀" yẹn dípò dísìkì, kí dátà ti wà lójú ọ̀nà, tó bá dé ọ̀hún suwíìsì kejì á dì í mú títí dísìkì á fi béèrè ẹ̀. Ó ku àlọ àtàbọ̀ kan. Ìdáhùn tó kẹ́yìn, pé dátà ti wọlé, dísìkì gangan ló ń fún yín, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ sí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìlà yín ti kún tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, ìdúró ló ń dín kù, kò fẹ ọ̀nà.

Lórí Cisco MDS, ìyẹn suwíìsì SAN tí Cisco ṣe, ẹ wọ interface fcip 1 (FCIP ló ń gbé dátà SAN gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì IP), ẹ tẹ shutdown, ẹ tẹ write-accelerator, kẹ́ ẹ tẹ no shutdown. Ẹgbẹ́ méjèèjì o! Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, a tàn án níbí, a rò pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún ti ṣe tiwọn, tunnel yẹn, ìyẹn ọ̀nà FCIP tó so ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, ò dìde rárá títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun kejì ni pé àṣẹ àti dátà gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà, tí ẹ bá ní tunnel méjì tí FSPF cost wọn (iye tí suwíìsì fi ń yan ojú ọ̀nà) dọ́gba, ẹ sọ ọ̀kan di èyí tó wọ́n ju èkejì lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kíkọ àti kíkà lè dàrú.

Tó bá jẹ́ fáíbà lásán lẹ ń lò láìsí FCIP, buffer credit, ìyẹn iye férémù (ẹyọ dátà kọ̀ọ̀kan) tí suwíìsì lè fi ránṣẹ́ kó tó gba ìdáhùn, ni kẹ́ ẹ ṣírò. Tí ìyára ìlà bá jẹ́ 8G, bíi 4 ló ń lọ fún kìlómítà kan tí férémù bá kún dáadáa, 50 kìlómítà á jẹ 200. Férémù kéékèèké máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà èmi máa ń fi ìdajì lé e.

Ó wá kan bí SAN ṣe lè tóbi tó. Wọ́n á ní domain ID, ìyẹn nọ́ńbà tí suwíìsì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, lè tó 239, ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn, iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe suwíìsì ti dán wò fún vásọ̀n tí ẹ ń lò ni kẹ́ ẹ dúró lé. Zone kan (àwùjọ àwọn tó lè rí ara wọn lórí SAN), initiator kan (pọ́ọ̀tù sáfà tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́). Ibi tí mo ti rí i tó ń dun àwọn èèyàn jù ni queue depth, ìyẹn iye àṣẹ tí sáfà lè fi ránṣẹ́ sí LUN kan (ìpín sítóréèjì tí sáfà ń rí bíi dísìkì) lẹ́ẹ̀kan láìtíì rí ìdáhùn, torí kì í hàn títí ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ká ní pọ́ọ̀tù sítóréèjì yín lè gba àṣẹ 2048 lẹ́ẹ̀kan, sáfà 16 ló so mọ́ ọn, LUN 8 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, queue depth 32. Ẹ fi wọ́n lu ara wọn, 4096 ni, ìlọ́po méjì! Sítóréèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àṣẹ padà pé àyè ò sí, gbogbo sáfà á jọ falẹ̀, títí kan èyí tí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fà á wá sí 12, ó di 1536, àyè á ṣì kù fún sáfà mélòó kan sí i.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú gbogbo èyí, ẹ kọ iye mílísẹ́kọ́ǹdì tí kíkọ ń gbà sílẹ̀ ní wákàtí tí iṣẹ́ pọ̀ jù, lọ́jọ́ kejì ní wákàtí kan náà ẹ tún un wò.