Àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín onígíláàsì

Bí ẹ bá ń mu omi tútù tí eyín ń kan yín, dókítà eyín lè ní kí ẹ ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n po gíláàsì bioactive mọ́, ìyẹn gíláàsì tó máa ń yí padà bí itọ́ bá kàn án. Àwọn kan ní Ìbàdàn níbí á rà á, wọ́n á lò ó díẹ̀, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe lò ó ni kò dáa.

Omi ló ń bà á jẹ́ jù. Bí a bá fọ eyín tán, ife omi kíkún la fi ń yọ ẹnu, a ó sì tún un ṣe títí gbogbo ìfófòó á fi tán. Oògùn gan-an la dà nù yẹn! Lọ́dún 1969 ni Larry Hench àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida ṣe irú gíláàsì yìí: sílíkà (èròjà inú yanrìn) inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú 100, ìyókù jẹ́ sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí itọ́ bá kàn án, sódíọ̀mù á kọ́kọ́ jáde, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á tẹ̀ lé e, wọ́n á gbá jọ, wọ́n á sì le bí ohun tí Ọlọ́run fi dá eyín àti egungun. Èyí ló ń dí àwọn ihò tíńtìntín tí òtútù ń gbà dé iṣan inú eyín níbi tí erìgì ti sún sókè. Kò lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ tutọ́ dànù, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ má sì da omi sínú ọ̀pá ọṣẹ náà nígbà tó bá kù díẹ̀, bí a ti máa ń ṣe sí àwọn ọṣẹ ìfọyín mìíràn. Wọn ò fi omi pò ó rárá, torí bí omi bá wọ̀ ọ́, inú ọ̀pá ni gíláàsì á ti lo agbára rẹ̀ tán.

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó sanwó ní Dùgbẹ̀ tàbí Bódìjà. "NovaMin" tàbí "calcium sodium phosphosilicate" ni kí ẹ wá, orúkọ gíláàsì náà nìyẹn. Sensodyne Repair & Protect tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ló ń jẹ́ pẹ̀lú èyí tó ní in ní àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Eyín tó ti luhò ńkọ́? Ọṣẹ ò lè dí i. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tàbí tí eyín ò jẹ́ kí ẹ sùn lóru, ẹ gba ilé ìwòsàn UCH lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ ìgò lásán fi fọ eyín. Sílíkà inú tirẹ̀ pọ̀ jù, gígé ló máa gé yín lẹ́nu.

Àwọn dókítà tún máa ń kó gíláàsì yìí sínú egungun àgbọ̀n tí àrùn erìgì ti jẹ. Ó ń lẹ̀ mọ́ egungun tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè fọ́. Bí wọ́n bá ṣe é fún yín, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ fọ́ eegun ẹran, ẹ má fi igi ìtayín tọ́ ọ, ẹ má sì mu sìgá. Bí ẹ bá rí hóró díẹ̀ bíi yanrìn nínú itọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù. Bí ó bá ń wú sí i tàbí tó ń ṣọyún, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà lọ rí dókítà.