Tànkì tínà tó ti gbẹ kò tíì ṣófo

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń pa èèyàn jù nídìí fífọ inú tànkì tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà: "Ó ti gbẹ." Wọ́n á fa acetone, oríṣi tínà kan, inú rẹ̀ tán, wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á yọjú wò ó, wọ́n á rí ìsàlẹ̀ tó ń dán gbinrin, wọ́n á ní kí ọmọ iṣẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Lítà kan acetone, tó bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́ tán, á di nǹkan bí 330 lítà gáàsì. Tí gáàsì yìí bá ti tó ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú tànkì, ó ti lè gbiná. Nínú tànkì oní 10,000 lítà, ohun tó tó ìgò omi 75cl kan, tó ṣẹ́ kù sínú kọ̀rọ̀ páìpù àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ti tó fún iṣẹ́ ibi yẹn. Kódà, nígbà tí acetone kún tànkì, gáàsì orí rẹ̀ pọ̀ débi pé kò rí afẹ́fẹ́ tó láti fi gbiná. Ìgbà tí ẹ bá fà á tán tí ẹ sì ṣí i ni afẹ́fẹ́ ń wọlé lọ bá a. Ti toluene, oríṣi tínà mìíràn, tún yàtọ̀: nínú ooru ilẹ̀ wa, yálà ó kún ni o, yálà ó ku díẹ̀ ni o, gáàsì tó wà lórí rẹ̀ lè gbiná nígbàkigbà.

Àwọn kan á tún fi imú wọn gáàsì. Òórùn tínà kì í pẹ́ mọ́ imú lára. Láìpẹ́ ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Mítà tó ń wọn gáàsì là ń lò, ẹnu ihò nìkan kọ́ la sì ń wọ̀n. Gáàsì acetone wúwo tó afẹ́fẹ́ lọ́nà méjì, ti toluene tó ọ̀nà mẹ́ta, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ jókòó sí. Ẹ wọn òkè, ẹ wọn àárín, ẹ wọn ìsàlẹ̀. Oxygen ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ọ̀pọ̀ mítà ni kì í sọ òótọ́ nípa gáàsì tó ń gbiná níbi tí oxygen ò bá ti tó. Kó má dín sí 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kó má sì ju 23.5 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yá oxygen lọ́wọ́ wẹ́ẹ́dà láti fi fẹ́ inú tànkì, ẹ tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: iná kékeré kan báyìí á jó aṣọ mọ́ èèyàn lára. Ìbòmú onífíltà náà kì í dá oxygen sílẹ̀ níbi tí kò bá sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó sáré wọlé láti gba ẹnìkejì là. A kúkú mọ̀ ọ́n láti ìdí kànga. Wọ́n sọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kalẹ̀ sínú kànga, èéfín rẹ̀ kún ibẹ̀, ẹnì kan bọ́ sílẹ̀, kò fọhùn mọ́. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Aládùúgbò tẹ̀ lé àbúrò. Òkú mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ní 1986, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́, kọ ọ́ pé ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kú sínú irú ibi há-há bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n lọ yọ ẹlòmíì ni. Bẹ́líìtì àti okùn gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó ń wọlé kó tó wọlé, kí ohun èlò tí wọ́n máa fi fà á jáde ti wà ní ìdúró. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ihò, kò gbọdọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì gbọdọ̀ wọlé. Kí ló tilẹ̀ dé tí a ò kọ́kọ́ gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ láti ìta? Bọ́ọ̀lù tó ń tú omi yíká tí a sọ kalẹ̀ látòkè ń fọ ọ̀pọ̀ tànkì mọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni kó sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá bọ́ ẹ̀wù ọ̀tútù lásìkò ọyẹ́, ẹ ó gbọ́ tó ń ta pà pà. Iná bẹ́ẹ̀ náà ni tínà tó ń tú jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì ń dá sílẹ̀. Ẹ má fi tínà fọ́n ara tànkì láìso wáyà láti ara tànkì mọ́ ilẹ̀, àti láti ẹnu họ́ọ̀sì mọ́ tànkì. Fóònù àti tọ́ọ̀ṣì lásán, ìta ni kí wọ́n wà.

Irin stainless tí wọ́n fi ń ṣe tànkì náà ń jìyà lọ́wọ́ wa. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe, búrọ́ọ̀ṣì onírin dúdú ni wọ́n fi ha inú tànkì tuntun. Ó dán lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí àmì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri ara rẹ̀ bí èéyi. Èérún irin búrọ́ọ̀ṣì yẹn ló lẹ̀ mọ́ ọn tó dógùn-ún. Bílíìṣì àti ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì tún burú jù, torí èròjà chloride inú wọn ń jẹ awọ fẹ́lẹ́ tí èròjà chromium fi bo irin náà, á sì máa lu ú ní ihò wínníwínní. Bí bílíìṣì bá pàdé acetone tó ṣẹ́ kù, chloroform, kẹ́míkà olóró kan, ló ń dà, ẹ ó sì máa fà á símú. Nitric acid tí àwọn kan fi ń tún awọ yẹn ṣe kò gbọdọ̀ dé ibi tí tínà bá kù sí rárá. Ó lè bú gbàù. Citric acid ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹ bá kó jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà. Gáàsì rẹ̀ á máa rìn lọ nínú gọ́tà títí dé ìdí iná ìyá aláàkàrà, á gbiná níbẹ̀, iná á sì gba ọ̀nà kan náà padà wá bá tànkì yín. Dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára gàdàgbà.