Bí A Ṣe Ń Yà ní Buc-ee's Láì Sọ Ìrìn Wákàtí Mẹ́rin Di Mẹ́fà

Láti Houston dé Dallas, nǹkan bí 240 máìlì ni lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-45. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá sí, wákàtí mẹ́rin ti tó ẹni tí kò sáré. Nígbà àkọ́kọ́ tí a gbé Mọ́mì, ìyá ìyàwó mi, gba ọ̀nà yẹn lọ síbi ìgbéyàwó, wákàtí mẹ́fà ó lé la lò. Táyà ò fọ́, ọlọ́pàá ò dá wa dúró. Buc-ee's, ilé epo ńlá tó tún jẹ́ ọjà, la yà. A ní ká kàn tọ̀ ká máa lọ. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú la lò ní Madisonville. Nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ Dallas, ní Ennis, Mọ́mì tún rí pátákó Buc-ee's lókèèrè, èyí tó ní àwòrán beaver, ẹranko eléyín ńlá yẹn, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, mo gbàgbé láti ra ti Ìyá Ìjọ." Ta ló máa wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ kó ní rárá? Nígbà tá a fi máa dé gbọ̀ngàn, ìrẹsì ti fẹ́ tán.

Mò ń gba ọ̀nà yẹn tó ìgbà mẹ́fà méje lọ́dún báyìí, torí àríyá ò tán ní Texas, a sì máa ń wakọ̀ lọ Atlanta nígbà míì. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ni mo ń lò ní Buc-ee's lónìí, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti Mọ́mì. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà: Buc-ee's, "Bọ́kíìsì" lẹ́nu wa, kì í ṣe irú ilé epo tí ẹ mọ̀ nílé. Texas ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982, kò sì kọjá ibẹ̀ títí di 2019 tí wọ́n ṣí ọ̀kan ní Alabama. Èyí tó wà ní Luling lórí I-10, láàárín Houston àti San Antonio, tí wọ́n ṣí ní 2024, fẹ̀ tó 75,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ó kù díẹ̀ kó tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Páńpù epo 120 ló tò síta. Nínú rẹ̀, aṣọ ń bẹ, ìkòkò ń bẹ, ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì ń bẹ. Níta, wọ́n ń ta ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹran àti ohun tí àwọn ọdẹ fi ń bọ́ àgbọ̀nrín. Ọjà ni. Wọ́n kàn fi epo ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n tajà lórí ilẹ̀ Interstate, ìyẹn àwọn ọ̀nà márosẹ̀ bíi I-45 àti I-10, fúnra rẹ̀. Ní ibi ìsinmi tí ìjọba kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tábìlì àti ẹ̀rọ tó ń ta ìpanu lẹ máa bá, ó tán. Àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀, bíi ti New Jersey àti Ohio, ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá epo àti oúnjẹ gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà ni, ilé ló sì ti yẹ kó ti mọ ibi tó máa yà.

Wákàtí méjì méjì ni mo fi ń díwọ̀n ìgbà tí mo máa yà. Bí mo bá ń lọ Dallas, Madisonville nìkan ni, torí kò ju nǹkan bí 100 máìlì lọ sí Houston. Ennis ti kúrò nínú ètò, mo sì ti sọ ọ́ fún Mọ́mì kí wọ́n tó wọ mọ́tò, kì í ṣe ìgbà tí pátákó bá yọ. Àwọn pátákó yẹn, ẹ ṣọ́ra fún wọn. Wọ́n lè gbé ọ̀kan sí ibi tó ṣì ku igba máìlì, kí wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ṣì lè di ìtọ̀ yín mú débẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ò lè dì í mú. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún náà ò gbọdọ̀ dì í mú.

Lọ́nà Atlanta, Baytown la ti ń ra epo, kí Houston tó tán pátápátá. Louisiana wá gùn lọ rẹrẹ. N kò tí ì rí Buc-ee's kankan lórí I-10 níbẹ̀, nítorí náà ẹ má di ohunkóhun dè é. Pàápàá, ẹ tọ̀ kí ẹ tó gun afárá Atchafalaya, tó gùn ní nǹkan bí 18 máìlì lórí irà, láìsí ilé epo kankan lórí rẹ̀. Mississippi ti ní tirẹ̀ ní Pass Christian láti 2025, Auburn sì ń dúró dè yín lórí I-85 ní Alabama. Láàárín wọn, ibi ìsinmi ìjọba tàbí ilé epo Love's la máa ń lò, ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Buc-ee's kì í gba tírélà, wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà gàdàgbà. Love's àti Pilot, àwọn ilé epo tó ń gba tírélà, ni tiyín, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ààyè gbé e sí, tí ẹ ó sì rí balùwẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń wa tírélà máa ń sọ pé ibi tí wọn ò bá ti gba òun, owó òun ò ní wọbẹ̀, kódà bó bá wa mọ́tò kékeré. Mo gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti mọ́ tó ti ibẹ̀.

Epo ni ẹ kọ́kọ́ ra, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ẹ wo géèjì epo inú mọ́tò yín: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán páńpù, ibi tó kọjú sí ni ẹnu tánkì wà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa Camry mi kí ọmọ mi tó fi hàn mí. Epo tí wọ́n kọ 87 sí lára, ìyẹn epo lásán, ni ọ̀pọ̀ mọ́tò wa ń mu. Ìwé mọ́tò yín ló máa sọ bó bá jẹ́ òmíràn. Ẹ má wo owó E85, epo tí ọtí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀, tó rọjú kí ẹ fà á sínú mọ́tò tí wọn ò ṣe fún un. Ọwọ́ páńpù dísẹ́ẹ̀lì sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, àmọ́ ilé epo míì ń fi àwọ̀ yẹn ta epo lásán, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Bí epo bá sì ti ń lọ, ẹ má padà sínú mọ́tò lọ jókòó kí ẹ tó tún jáde wá di ọwọ́ páńpù mú. Aṣọ tó ń fi ara ra ìjókòó lè mú iná kékeré dání, iná ò sì mọ kékeré níbi tí epo wà.

Ọ̀rọ̀ káàdì ni ó ti dùn mí jù. Páńpù ò mọ iye epo tí ẹ máa fà. Kó tó ṣí fún yín, ó lè ti owó kan mọ́lẹ̀ nínú àkáǹtì yín, ìyẹn lè tó 175 dọ́là, kó tó wá di pé iye tí ẹ rà gan-an ni wọ́n mú. Bó bá jẹ́ káàdì gbèsè (credit card), ẹ lè má mọ̀ rárá. Bó bá jẹ́ ti owó ara yín ní báńkì (debit card), ó lè tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní ilé epo kan tí n kò ní dárúkọ, epo 38 dọ́là ni mo rà, wọ́n ti 125 mọ́lẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ ilé ìtura fi káàdì mi sẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ìyàwó mi àti ìyá rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́mì ló san án. Wọn ò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló burú jù. Láti ìgbà náà, bí kì í bá ṣe káàdì gbèsè, mo ń wọlé lọ bá ẹni tó ń gbowó, mo sọ nọ́ńbà páńpù, mo ní "40 dọ́là." Bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn àlejò tó mú káàdì wá láti ilé ṣe, torí páńpù máa béèrè ZIP code, nọ́ńbà àdúgbò ní Amẹ́ríkà, ibi tí káàdì yín ti wá, káàdì tiwa ò sì ní i. Bí ẹ bá sanwó jù, wọ́n á dá èyí tó ṣẹ́kù padà.

Lẹ́yìn epo, ẹ gbé mọ́tò kúrò nídìí páńpù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sílẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé yín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sí ìpẹ̀kun tó jìnnà, ẹ máa rí i padà. Fóònù ni mo fi ń ya àwòrán ibi tí mo gbé e sí. Èèyàn tó ń wá Camry dúdú láàárín ọgọ́rùn-ún mọ́tò dúdú, kódà òun fúnra rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú nínú oòrùn Texas.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kàn, òun gan-an la sì tìtorí rẹ̀ yà. Ọdún 2012 ni ti Buc-ee's tó wà ní New Braunfels, ní Texas, gba ipò kìíní nínú ìdíje ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára jù ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe ìdíje fún un. Ẹni tó bá ti lo ti ibòmíràn ní ìlú yìí, níbi tí ilẹ̀kùn ò ti dé ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ yín máa ń hàn sí ẹni tó ń fọwọ́, á mọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbé adé fún wọn. Ilẹ̀kùn tiwọn dé ilẹ̀. Àwọn tó ń tún un ṣe ń lọ ń bọ̀ tọ̀sán-tòru. Wọn ò sì béèrè pé kí ẹ ra nǹkan kí ẹ tó lò ó. Inú lọ́hùn-ún ló wà, àárín ọjà lẹ máa gbà débẹ̀. Òfin ilé wa: bí a ṣe ń lọ, kò sí ọwọ́ tó gbọdọ̀ kan ọjà. Ìyàwó mi ń mú àwọn obìnrin lọ, mo ń mú ọkùnrin kan tó jẹ́ tèmi. Mọ́mì ló ń ṣáájú, torí ẹsẹ̀ wọn ò yá mọ́.

Bí a bá padà jáde, ìgbà náà ni ọjà ṣí. Mo ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní dọ́là mẹ́wàá lówó, kì í ṣe lẹ́nu. Ọmọ tó bá di owó mú ń ronú. Èyí tí bàbá rẹ̀ fẹ́ sanwó fún kì í ronú. Mọ́mì ń gba 30. Nígbà tí owó bá tán, ìrìn ti tán.

Ní àárín gbùngbùn, ẹ máa rí àwọn tó ń gé ẹran igẹ̀ màlúù lórí pákó, èyí tí wọ́n fi èéfín yan fún wákàtí púpọ̀. Bí tuntun bá dé, wọ́n á kígbe, gbogbo wọn á sì gbè é. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ọbẹ̀ dídùn ni wọ́n fi pò ó. Èmi ò lè jẹ ẹran tó dùn bíi ṣúgà. Èyí tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ni kí ẹ mú. Ògiri kan wà tó kún fún ẹran gbígbẹ, kílíṣí òyìnbó ni mo ń pè é. Ẹ máa rí i nínú ọ̀rá, ẹ sì lè ní kí wọ́n wọn díẹ̀ fún yín. Ẹ ra díẹ̀ kọ́kọ́, torí "tó ní ata" tiwọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ò ní mọ̀ pé ata wà níbẹ̀. Beaver Nuggets ni àwọn ọmọ ń fẹ́, àgbàdo wíwú tí wọ́n fi ṣúgà bò. Ẹ má ṣí i nínú mọ́tò bí ẹ bá ti wọ aṣọ òde.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àti ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún búrẹ́dì tí sọ́sééjì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kolache. Ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, kò sì hàn lójú. Ẹ ka ara rẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè. Wọn kì í bínú.

Àga ò sí níbẹ̀. Ẹ má wá tábìlì kiri. Inú mọ́tò ni gbogbo ayé ti ń jẹun. Nítorí Mọ́mì, mo ní àga kan tó ṣeé ká nínú bùútù, mo ń tẹ́ ẹ sí abẹ́ òjìji mọ́tò fún wọn, wọ́n á sì ṣí kúlà, wọ́n á bu jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sè láàárọ̀. Yìnyín la wá ń rà lọ́wọ́ Buc-ee's fún kúlà náà. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ wá wò.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń ṣí, ẹ lo ìyẹn. Ọjọ́rú tó ṣáájú Thanksgiving (ọdún Ìdúpẹ́ wọn), àti ọ̀sán Sunday tí gbogbo ènìyàn ń padà sílé, ẹ má débẹ̀. Aago mẹ́fà ààrọ̀ la máa ń yà, ìgbà tí ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ilẹ̀ sì tutù.

Ère ẹranko náà wà lẹ́nu ọ̀nà, idẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ la ti ń pàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣetán, kó lọ dúró níbẹ̀, kó má padà wọlé. Kí ẹ tó ṣí mọ́tò kúrò, ẹ ka orí ọmọ. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, a bá ẹbí ọ̀rẹ́ mi kan tẹ̀léra lọ sí Dallas. A jáde ní Madisonville, mo yíjú sẹ́yìn, mo ka orí: mẹ́rin. Mo tún un kà. Mẹ́ta ni tèmi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló jókòó sáàárín, ó ń jẹ Beaver Nuggets, bàbá rẹ̀ sì wà nínú ilé lọ́hùn-ún, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri ìdí ògiri kílíṣí.